Wọ́n Pa Bàbá Onípijó Lórí Fesibúùkù

Ìròyìn ikú Bàbá Julius kan Tòún ọmọ rẹ̀ obìnrin lára ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí bàbá náà fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ó ń mu ògì gbígbóná, tí ó sì ń bá rédíò jiyàn.

Ìròyìn náà ti pẹ́ ní ọjọ́ kan gbáko. Láti àárọ̀ Ọjọ́rú ni ó ti wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n iná kò tíì dé Akowonjo láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Fóònù Tòún ti kú fin-ín, àfìgbà tí aládùúgbò kan tan jẹnẹrétọ̀ ni ó tó jí. Abdulganiyy ni ó fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sórí fóònù, tísà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti ń bá Tòún sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nípa Pijó 404 bàbá rẹ̀. Ní Sátidé ni ó yẹ kí ó wá gbé ọkọ̀ náà lọ.

“Àbúrò mi, ẹ kú àjálù. Kí Ọlọ́hun forí ji Bàbá. Mo pè yín títí, kò wọlé. Nínú ẹ̀sìn wa, a kì í ra ogún tí àwọn ọmọ kò tíì pín, n kò sì lè máa ná ọjà lórí òkú tútù. Bí irọ́ bá ni, ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan, màá lọ sanwó ọkọ̀ Dátísùn kan tí wọ́n fi hàn mí ní Ìbàdàn.”

Tòún ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbójú sókè wo òkú tí wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Òkú náà ń bú olóòtú ètò kan pé kò gbọ́ Yorùbá.

Ó sáré pe Ògbómọ̀ṣọ́. Abdulganiyy dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun nígbà tí ó gbọ́ pé Bàbá wà láàyè, ó dúpẹ́ dénú, lẹ́yìn náà ni ó wá mí kanlẹ̀. “Owó ti kúrò lọ́wọ́ mi lálẹ́ àná, àbúrò. Ẹ wo ibi tí mo ti rí ìròyìn ikú náà, mo ti fi ránṣẹ́.”

Tòún ṣí i. Àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà ni: Pijó náà rèé, ó mọ́ tónítóní, eteetí sílípáàsì rọ́bà Tòún sì yọ nísàlẹ̀ lápá òsì. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

“PIJÓ 404, ỌDÚN 1974. OLÓÒGBÉ NI Ó NI ÍN. ÀWỌN ỌMỌ FẸ́ TÀ Á KÍÁKÍÁ. ỌWỌ́ MI NI KỌ́KỌ́RỌ́ WÀ. PÈ MÍ.”

Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó ni nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. Ó mọ̀ ọ́n sórí. Olúbọ̀dé ni, ẹni tí yóò kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Kì í ṣe pé Bàbá Julius fẹ́ ta ọkọ̀ náà tayọ̀tayọ̀. Alhaji Ràímì, lánlọ́ọ̀dù wọn, fẹ́ gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, ibi kan ṣoṣo tí omi sì lè ti jáde nínú ọgbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn agbẹ́lẹ̀ ti wí, ni abẹ́ Pijó gan-an. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí Alhaji ti bá sọ̀rọ̀ yóò gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọn yóò sì wọ̀n ọ́n ní kílò bí irin ọ̀pá omi. Ẹsẹ̀ Bàbá kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tí ó bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tí yóò wà á ni kí ó rà á. Ìdí nìyẹn tí Tòún fi gbé e sí ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ lórí Fesibúùkù, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀.

Olúbọ̀dé, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní alágàtà ọkọ̀, ni ó ní òun yóò bá a pín in kiri. Tòún sì ti là á sílẹ̀ fún un kedere: “Má yọ orúkọ bàbá mi. Má yọ nọ́ńbà mi. Má fi ẹnu ara rẹ kún ohun tí mo kọ.”

“Ṣé èmi lo ń kọ́ ní iṣẹ́ mi?” ni Olúbọ̀dé wí, tí ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń jẹun.

Iṣẹ́! Kí ọmọlúàbí pín ọjà olọ́jà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, oore ńlá ni. Ó dà bíi kí a bá èèyàn ké sí oníbàárà láti òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kì í ké sí ẹnikẹ́ni fún ọ, orí ìjókòó rẹ ni wọ́n máa ń wá gùn. Wọ́n á gé ojú rẹ kúrò nínú àwòrán. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnì ń dún bí olóńgbò tó sùn, ọkọ̀ tí wọn kò fọwọ́ kàn rí. Ọkọ̀ tí a ti tà láti èṣí, wọ́n á ṣì fi í sójú òpó kí wọ́n lè fi ọrọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe fáàrí. Olórí wọn ni Olúbọ̀dé. Ilé iṣẹ́ tí ó pè ní Bọ̀dé Ọ́tò kò ju fóònù kan àti òórùn lọ́fíńdà lọ. Ohun kan ṣoṣo tó jọ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ ni òrùka kọ́kọ́rọ́ tó ní àmì Mẹ̀sídíìsì, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ ní Shasha ni ó sì so mọ́ ọn.

Tòún kò tíì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ nígbà tí igbe ta lẹ́nu géètì. Màmá Abigail ni, ọmọ ìjọ wọn láti Igando, ó ti fi ìborùn di ìbàdí, ó káwọ́ lérí, ó ń fi orúkọ Bàbá ké.

“Julius o! Ṣé bí o ṣe ṣe wá nìyí!”

“Kí ni mo ṣe?” ni Bàbá Julius dáhùn látẹnu ọ̀nà.

Màmá Abigail fi ẹ̀yìn rìn padà títí ó fi kan géètì. “Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Ta ló kú, Màmá?”

“Ìwọ ni! Ọmọ mi ló fi hàn mí lórí fóònù. Mo sunkún láti Igando dé Ikotun, mo wọ ọkọ̀ mìíràn, mo tún sunkún dé ibí!”

“Ẹ kú owó ọkọ̀ o. Ẹ jókòó jàre, kí ẹ bá òkú mu ògì.”

Màmá Abigail bú sẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún, ó gbá Bàbá léjìká láti mọ̀ bóyá ẹran ara ni. Nígbà tí ó lọ tán, Bàbá pa rédíò. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Tòún, ta ló pa mí?”

“Olúbọ̀dé ni, sà.”

Bàbá gbé ògì rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹni tó fẹ́ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ mi ló kọ́kọ́ sin mí? Bí ó bá dé, ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún, àbí ojú oórì ni?”

Ó dìde, ó rọra tiro lọ sínú Pijó, ó jókòó sídìí ṣítíẹ́rìn.

Ní ọ̀sán ni Olúbọ̀dé dé, ẹnu rẹ̀ ti ń jó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọlé.

“Tòún mi! Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i! Ọ̀gá kan ní Lẹ́kkí fẹ́ ẹ, ìlọ́po méjì iye tí ẹ kọ ni yóò san. Òtẹ́ẹ̀lì ló ní. Ọkọ̀ àwọn àgbà tó ti lọ nìkan ló máa ń rà, ó máa ń gbé wọn sínú gíláàsì, àwòrán olóògbé á wà lókè. Lọ́la ni yóò rán ọkọ̀ agbọ́kọ̀ wá.”

“Ta ni olóògbé náà?”

“Má bẹ̀rẹ̀, jọ̀ọ́. Ohun tó kù kò ju pé kí o wọ dúdú, kí o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n yà ọ́ ní fídíò. Kí o kàn sọ bí Bàbá ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ìṣẹ́jú méjì péré.”

“Nítorí irọ́ rẹ ni ẹni tí yóò wà á ṣe lọ ra Dátísùn.”

“Tísà! Tísà wo ló fẹ́ san irú owó yìí? Ìwọ náà ronú. Lẹ́kkí ni àbí ayùn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù?”

Tòún sì ronú, a kò ní purọ́. Ó rí Pijó náà nínú ilé gíláàsì, iná ń tàn sí i lára láti òkè, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ń dán bí omi odò. Ó tún rí ayùn, ó rí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí òṣùwọ̀n. Ìṣẹ́jú méjì péré ló wà láàárín èkíní àti èkejì.

Ẹnìkan wúkọ́ nínú ọkọ̀. Olúbọ̀dé yíjú, ó rí Bàbá, ó yára fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà!”

“Wọn kì í kí òkú báyẹn,” ni Bàbá wí. “Wọ́n máa ń sunkún ni.”

“Ẹ má bínú, sà. Ẹni tí wọ́n bá pa láìkú, ṣe ló máa ń pẹ́ láyé. Ọ̀rọ̀ ọjà ṣá ni.”

Bàbá yíjú kúrò lára rẹ̀. Tòún ni ó kọjú sí. “Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo gbé ọkọ̀ yìí síta, ohun tí o bá sọ ni a óò ṣe. N kò ní bá ọ wí.”

Olúbọ̀dé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń wá nọ́ńbà ọ̀gá Lẹ́kkí lórí fóònù rẹ̀. “Ṣé o ti gbọ́? Bàbá ti fọwọ́ sí i.”

“Bọ̀dé, gbọ́ mi dáadáa,” ni Tòún wí. “Mi ò ní wọ dúdú. Mi ò ní dúró níwájú ẹnikẹ́ni kí n pe bàbá mi ní olóògbé. Pe ọ̀gá rẹ, kí o sọ fún un pé ẹni tó ni ọkọ̀ wà láàyè, pé ìwọ lo parọ́. Bí kò bá rà á mọ́, kí àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù gbé e ní ọjọ́ Ajé, mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Má sì mú ẹbí rẹ wá sílé wa. Mi ò ní fẹ́ ọ.”