Iná ni Àbẹ́là

"Àǹtí, ṣé iná kankan máa ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù yìí láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ?"

Sùtánà ni Abọ́sẹ̀dé ń rán ní Ṣàngótẹ̀dó, aṣọ funfun sì kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà. Láti ìgbà tí iná ti jó ṣọ́ọ̀bù onífóòmù tó wà lódìkejì títì ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Hakeem, tó ń ta adójútòfò, àmọ́ ìbéèrè tó bi í yìí ká a mọ́.

"Rárá o," ló sọ.

"Ó dáa mà. Torí bí irọ́ bá wà nínú fọ́ọ̀mù yìí, tí iná bá ṣẹ́ yọ, iléeṣẹ́ wa ò ní san kọ́bọ̀. Mo ń bọ̀ lọ́la kẹ́ ẹ wá buwọ́ lù ú."

Irọ́ sì ni. Bí wọ́n bá fẹ́ tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, Ọdúnjọ, ọkọ rẹ̀, máa ń tan àbẹ́là sábẹ́ àwòrán Míkáẹ́lì Mímọ́, kí áńgẹ́lì náà lè ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́jú. Kí Hakeem tó béèrè, kò wá sí Abọ́sẹ̀dé lọ́kàn rí pé iná ni àbẹ́là.

Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bó bá sọ òótọ́, ìjà ló máa dà nílé. Bó bá purọ́, owó tó fẹ́ san ti wọgbó. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, ó dìde, ó tún jókòó. Ó rán apá sùtánà kan mọ́ ibi ọrùn, ló bá tún ń tú u.

Nígbà tí Ọdúnjọ dé, tó ṣáná sí àbẹ́là, Abọ́sẹ̀dé ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá Túnmiṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àbẹ́là sílẹ̀ níbí lónìí."

"Ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì yẹn náà ni? Mo ti sọ fún ẹ, ẹni tó bá ń múra de iná, iná ló ń pè. Ta ló wá máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹni tá à ń tan àbẹ́là fún kì í sùn. Àwa là ń lọ sùn, tá à ń fi iná sílẹ̀ láàárín aṣọ. Bí ibí yìí bá jó, kí la máa jẹ?"

Ọdúnjọ wo àbẹ́là, ó wo òkìtì aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o síbẹ̀ ni. Níjọ wọn, a kì í fẹnu fẹ́ àbẹ́là. Ó fìka méjì pa á, ó sì fi áńkáṣíìfù wé e.

"Ilé la ó ti máa tàn án," ló wí. "Èmi ni n ó máa jókòó tì í."

Abọ́sẹ̀dé pe Hakeem. "Má bínú, irọ́ ni mo pa fún ẹ lẹ́ẹ̀kan. Àbẹ́là kan máa ń jó níbí mọ́jú. Kọ ọ́ síbẹ̀ o, kó o sì kọ ọ́ pé a ti pa á."

Wọ́n tilẹ̀kùn. Kí wọ́n tó dé títì, Abọ́sẹ̀dé sáré padà, ó yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù láti àlàfo ilẹ̀kùn. Òkùnkùn náà bà á lẹ́rù díẹ̀, àmọ́ ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sílé.