Pákó Tó Wà Láàárín Èmi àti Bàbá

Kò dún. Mo tún fetí sílẹ̀… kò dún. Bàálù nìkan ló ń dún, ariwo kan ṣoṣo tí kì í sinmi, tó ti kún etí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi pé inú orí mi ló ti ń jáde. Abẹ́ ariwo yẹn ni mo ti ń wá ìhanrun Bàbá. N ò gbọ́ ọ. Bàbá mi, tí ìhanrun wọn máa ń jí ará ilé kejì — kí ló dé tí wọn ò hanrun?

Ó lè jẹ́ pé ara tù wọ́n ni. Bẹ́ẹ̀dì gidi ni bẹ́ẹ̀dì yìí. Àga ni tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wa kàn tẹ nǹkan kan ni, àga na ara rẹ̀ gbalaja, ó di bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin náà tẹ́ aṣọ funfun lé e, ó gbé ìrọ̀rí méjì sí i. Ta ló máa dùbúlẹ̀ sórí irú ẹ̀ tí kò ní sùn fọnfọn? Wọ́n ń sùn ni. Wọ́n ń sùn… ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sùn, wọ́n á hanrun. Bàbá ò ní irú oorun méjì.

Káfíńtà ni wọ́n. Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa, pákó ni wọ́n fi gé yàrá rẹ̀ sí méjì, àwa ọmọ lápá kan, àwọn àti Màámi lápá kejì. Àwọn aládùúgbò a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: káfíńtà yìí kì í ṣíwọ́, ayùn lọ́sàn-án, ayùn lóru. Ẹ̀gbọ́n mi a sì máa sín wọn jẹ, á hanrun tagbára-tagbára, èmi náà á ki ìrọ̀rí bọ ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín sókè. Màámi nìkan ni kì í ráhùn. Ìhanrun bàbá yín ni mo fi ń sùn, wọ́n á ní. Ọjọ́ tí ilé bá dákẹ́, ẹ tètè jí mi.

Àwàdà ni. Àwàdà ni Màámi ń ṣe. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ wọn yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn báyìí… Màámi ti lọ tipẹ́. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ jí.

Ẹ wò ó, oṣù tó kọjá nínú ilé tèmi lókè òkun, níbi tí Bàbá ti wá gba ìtọ́jú, òwú ni mo fi di etí kí n lè rí oorun sùn. Òwú! Tí mo bá lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó fa gùrọ̀…

Pákó kékeré kan ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì tèmi àti tiwọn, ó ga dé èjìká ẹni tó bá jókòó. Kì í ṣe pákó gidi. Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe wọlé ni wọ́n ti fi ìka kàn án, kó-kó-kó, wọ́n gbé etí lé e, wọ́n ní, "Ẹlẹ́kún, awọ igi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára o. Àṣé wọ́n ń tan olówó náà jẹ?" Ẹlẹ́kún ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, torí ẹkún ò jìnnà sí mi. 

Mo gbé orí sókè, mo yọjú lókè pákó. Òkùnkùn. Iná kékeré kan wà nísàlẹ̀, kò ràn dé ojú wọn. Kúbùsù ni mo ń rí, wọ́n fà á bo orí. Ó wú díẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wà, ó wú níbi tí ikùn wà. Ṣé ó ń lọ sókè? Ṣé ó ń bọ̀ sísàlẹ̀? Ó ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ni kò gbọ̀n níbí — omi inú ife mi ń gbọ̀n, bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ń gbọ̀n, bàálù ló ń gbọ̀n gbogbo wa. Ohun tó ti kú náà á gbọ̀n…

Rárá. N ò rò bẹ́ẹ̀. N ò ro nǹkan kan. Mo jókòó padà.

Na ọwọ́, ìwọ obìnrin yìí. Na ọwọ́, fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, ó tán. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, mo ní kó dìde, kò dìde. Tí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n tí ara wọn gbóná, ọ̀rọ̀ parí, màá sùn. Tí ẹsẹ̀ yẹn bá wá… tó bá tutù… N ò tíì mọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí n ò bá tíì mọ̀, mo ṣì ní bàbá.

Ẹ̀gbọ́n mi á gbọ́. Tíṣà ni, ṣùgbọ́n Adájọ́ là ń pè é nínú ilé, torí kò sí ẹjọ́ tí kì í dá, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbé wá. Orí fóònù ló ti dá tèmi. Ibi tí dókítà wà lo fẹ́ gbé Bàbá kúrò? Mo ní, Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ló ní àwọn fẹ́ lọ sílé. Mo ní dókítà náà ti sọ pé kò sí ohun tuntun tí òun lè ṣe sí ọkàn wọn mọ́, pé wọ́n lè lọ, kí wọ́n ṣáà ti dùbúlẹ̀, kí wọ́n sì sùn dáadáa. Tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ rọ̀ lórí àga mọ́jú, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i, ìyẹn ló lè pa wọ́n. Ìdí tí mo ṣe gba iwájú bàálù nìyẹn. Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ yẹn. Fáàsì kíláàsì! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣe wọ́n lójú ọ̀run, ìwọ lo máa wá ròyìn fún wa o. Ìwọ nìkan.

Ojú ọ̀run náà ni mo wà yìí. Lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú mi, àwòrán bàálù wà lórí òkun, kò tóbi ju èèrà lọ, kò sì jọ pé ó ń rìn. Àná ni mo ti ń rò ó — tàbí ìjẹta — pé bóyá òótọ́ ni Adájọ́ ń sọ. Bóyá kì í ṣe ìfẹ́ Bàbá ni mo ń ṣe. Bóyá ó ti rẹ̀ mí ni, mo sì fẹ́ gbé wọn lé ẹlòmíì lọ́wọ́… Irọ́ ni. Ṣé irọ́ ni?

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wa ń bọ̀. Bàtà rẹ̀ kì í dún. Ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bíi pé èmi ni mo bí i, ó ń bi mí bóyá mo fẹ́ nǹkan. Sọ fún un. Sọ ọ́ báyìí! Iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè wo ojú wọn fún ẹ. Mo fẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo mi orí pé rárá. Ó ń lọ. Ó ti lọ.

Torí tí mo bá sọ fún un, wọ́n á tan iná. Wọ́n á máa bèèrè bóyá dókítà kan wà láàárín wa, gbogbo ẹni tó ń sùn á jí, wọ́n á gbé Bàbá sọ̀ kalẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú gbogbo ojú, wọ́n á máa tẹ̀ wọ́n láyà. Àyà yẹn! Bàálù á sì yà sí ìlú tí a ò ti mọ ẹnì kankan. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbé wọn sílẹ̀. Wọn ò ní délé. Ilé nìkan ni wọ́n sì tọrọ lọ́wọ́ mi, wọn ò tọrọ nǹkan míì rí. 

Ara wọn yá nírọ̀lẹ́. Ó yá! Wọ́n fi ọwọ́ ra bẹ́ẹ̀dì yìí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní gbogbo bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ti kàn láyé àwọn, kò séyìí tó gbọ́n tó báyìí, tó lè jókòó, tó tún lè dùbúlẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó wà lódìkejì gbé ojú kúrò nínú ìwé ìròyìn, ó wò wá. Mo ti fún un lórúkọ lọ́kàn ara mi, Onítáì, torí kò tú táì ọrùn rẹ̀ títí tó fi sùn. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àárín àwọn èèyàn ńlá la wà o. Tí mo bá hanrun ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, màá kan pákó yìí fún yín." Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Kàn án dáadáa o." Bí a ṣe ń bára wa ṣeré nìyẹn, èmi àti àwọn. Ẹni tó ń ṣeré báyẹn nírọ̀lẹ́, ṣé ó lè… ṣé kí ilẹ̀ tó mọ́…

Bàálù já sílẹ̀! Àyà mi já tẹ̀ lé e. Iná tó ń ní ká di bẹ́líìtì tàn, ife mi ń ta gììrì lórí tábìlì. Onítáì jí, ó pòṣé, ó yíjú sí fèrèsé. Ẹnì kan ń wúkọ́ lẹ́yìn. Ó tún já. Gbogbo èèyàn ló mira, gbogbo èèyàn, àfi… Mo ń wo kúbùsù yẹn. Kò mira. Ẹni tó bá ń sùn á ta gìrì. Ẹni tó bá ń sùn á ní kí lèyí. Ọlọ́run, jọ̀ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ lọ́wọ́ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà níbí.

Ọwọ́ mi dìde. Kì í ṣe ẹsẹ̀ wọn ló lọ bá, ojo ni. Pákó ló lọ bá. Kó-kó.

Kò sí nǹkan kan.

Ẹ dákun. Ẹ dákun, Bàbá. Kó-kó-kó.

Ohùn kan… ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bíi ti ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò:

"Èmi kọ́ o, Ẹlẹ́kún. Èmi kọ́. N ò tíì sùn."

Wọ́n wà. Wọ́n wà! Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Omi ń bọ́ lójú mi, ó ń bọ́ sórí aṣọ funfun àwọn olówó. Wọ́n wà láàyè, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní… kí ni wọ́n ní? Èmi kọ́. Ta ló fẹ̀sùn kàn wọ́n? Èmi kọ́ kí ni…

Pákó. Mo kan pákó.

Háà.

Wọn ò sùn. Láti ìgbà tí iná ti kú ni wọn ò ti sùn. Aláìsàn tí dókítà ní kó sùn, tí mo gbé wá síbi bẹ́ẹ̀dì kó lè sùn, ó la ojú sílẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń lé oorun bí ẹni ń lé adìyẹ. Wọ́n fa kúbùsù bo ẹnu nítorí bóyá oorun á jí wọn gbé. Bàálù ń já, wọ́n di ara mú gírígírí, kí n má baà mọ̀ pé wọn ò sùn. Nítorí mi. Kí ojú má baà tì mí láàárín àwọn èèyàn ńlá.

Ta ló sì kọ́ wọn pé ojú ń tì mí? Lọ́sàn-án yìí, níbi tí a jókòó sí ká tó wọ bàálù, oorun gbé wọn lọ lórí àga, ayùn bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn. Mo gbọ̀n wọ́n léjìká. Mo ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń wò wá. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, wọ́n ní kí n má bínú. Bàbá ló ń bẹ ọmọ. Mo sì ti gbàgbé! Kí a tó dé ẹnu bàálù ni mo ti gbàgbé. Wọn ò gbàgbé. Ẹ̀fẹ̀ pákó tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò gbọ́ ọ bí ẹ̀fẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn nígbàkígbà tí tèmi bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń sunkún ikú wọn láti ìgbà tí iná ti kú. N ò ríran.

Pákó yìí ní ibi tí wọ́n máa ń tẹ̀ tó fi ń wọlẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo na ọwọ́, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu báyìí. Ọwọ́ wọn gbóná. Ó le, ó ṣì ní èépá níbi tí wọ́n fi máa ń di ayùn mú. Mo ní, ẹ sùn, Bàbá. Ẹ hanrun. Wọ́n ní, "Àwọn èèyàn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò wá."

Mo ń dúró. Ọwọ́ wọn ń wúwo díẹ̀díẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Ó kọ́kọ́ rọra ń fà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ayùn lé igi… ó wọ inú rẹ̀… ó ń gé e. Onítáì mira. Ó pòṣé. Pòṣé, Ọ̀gá, pòṣé dáadáa.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Òkun ṣì wà lábẹ́ wa, ọkàn wọn ṣì rí bó ṣe rí, ilé ṣì jìnnà. Ayùn dá. Mo di èémí mú… Ó tún ń lọ.

Ẹ sùn, Màámi. Èmi ni mò ń gbọ́ ọ báyìí.