Ọta Tó Kọjá Láìkí Olóko

Ìmọ̀ pọ̀ lágbárí Gilbert Òdùsànyà, ẹran ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ó lè ṣàlàyé bí ọta ṣe ń fò, bí atẹ́gùn ṣe ń tì í àti bí ilẹ̀ ṣe ń fà á, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì pa ohun tó ju aáyán lọ. Kì bá tí burú bí kì í bá ṣe ọmọ ẹni tó jẹ́. Simeon, bàbá rẹ̀, ni Olúọ́dẹ ní Ayépé, ọkùnrin tí gbogbo igbó agbègbè náà mọ ohùn ikọ́ rẹ̀. Bàbá ti darúgbó báyìí, eyín ti ká tán, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń béèrè rẹ̀.

"Gilbert, mo ti jẹ ẹran tí ọmọ ọlọ́mọ pa. Èyí tí ìwọ bá pa ni mo fẹ́ jẹ kí n tó lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Gilbert dé egungun. Ì bá ra ẹran ìgbẹ́ lọ́jà kó sì purọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò purọ́ fún Simeon? Bí bàbá yẹn bá fi ahọ́n kan ọbẹ̀, á sọ irú ìbọn tó pa ẹran náà fún ọ.

Ìṣòro Gilbert ni pé kò lè sún mọ́ ẹran. Bàtà rẹ̀ ń dún, ó máa ń sín nínú igbó, ikùn rẹ̀ sì máa ń dé ibi gbogbo ṣáájú rẹ̀. Ó bá pinnu pé bí òun kò bá lè sún mọ́ ọn, òun á pa á látòkèèrè. Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí! Nínú igbó Ìjẹ̀bú, níbi tí ewé kì í jẹ́ kéèyàn rí ẹni tó ń kí i, ló ti fẹ́ yìnbọn ọ̀nà jíjìn.

Ó ní ráífù kan tó rà nílùú òyìnbó, ó sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Àmọ́ katiríìjì tí wọ́n ń tà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní ti gbogbo ayé ni. Ó mú ilé ọta ńlá tí wọ́n fi ń pa erin, ó fún un lọ́rùn nínú ẹ̀rọ kan, ó ki ọta tín-ín-rín bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ inú ìbọn bá a mu. Agbára pọ̀ nísàlẹ̀, ẹnu kéré lókè: irú katiríìjì tí ilé iṣẹ́ kankan kò ṣe. Òṣùwọ̀n tí Susannah ìyàwó rẹ̀ fi ń wọn ìyẹ̀fun ló fi ń wọn ètù. Lọ́jọ́ ìkórè, kéèkì tí wọ́n gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń rùn bí ojú ogun.

Nígbà tó parí iṣẹ́, oríṣi mẹ́ta ló tò sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe irú katiríìjì bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ti sọ wọ́n: Gilbert Pẹ̀lẹ́, Gilbert Ẹlẹ́ṣin, àti Gilbert Ó-Dìgbéré.

"Ìyá Bísí, bá mi yan ọ̀kan."

"Èwo ló máa mú kí Bàbá jẹ ẹran?"

"Pẹ̀lẹ́ kì í ba ẹran jẹ́, ṣùgbọ́n kì í lọ jìnnà. Ẹlẹ́ṣin ń lọ jìnnà díẹ̀, atẹ́gùn ló máa ń tàn án. Ó-Dìgbéré..." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó-Dìgbéré kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdúró."

"Bàbá Bísí, ṣé ẹran lẹ fẹ́ pa, àbí ẹ fẹ́ lọ bá Rọ́ṣíà jà? Ẹ mú Pẹ̀lẹ́."

Gilbert gbọ́, ó dúpẹ́, ó sì mú Ó-Dìgbéré. Bí àwọn ọkùnrin kan ṣe ń gba ìmọ̀ràn ìyàwó wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn Ayépé, ibi kan ṣoṣo tí ojú ti lè ríran jìnnà ni ọ̀nà tí wọ́n là sínú igbó fún wáyà iná ńlá. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Gilbert gun orí ọ̀gán kan lórí ilẹ̀ ìdílé wọn, ó dùbúlẹ̀ lórí ikùn rẹ̀, ó fi ojú sí awò ìbọn. Lọ́ọ̀ọ́kán réré, ọ̀yà kan ń jẹ pákí olóko, kò ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Gilbert ṣírò atẹ́gùn, ó ṣírò oòrùn, ó kù díẹ̀ kó ṣírò ọjọ́ orí ọ̀yà náà. Ló bá yìn ín.

Ìró náà mi Ayépé tìtì. Ọ̀gán wó lábẹ́ rẹ̀, ó sì yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. Ó rìn títí, ó jókòó sinmi lábẹ́ igi obì kan, ó tún rìn, kó tó dé ibi tí ọ̀yà sùn sí. Orí kò sí. Kì í ṣe pé ó fọ́ o, kò sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo orí? Gilbert ti pa ẹran! Ó sunkún ayọ̀, ó sì gbé e kọ́ èjìká.

Bàbá fi ọwọ́ pa ọ̀yà náà lára, ó gbóòórùn ojú ọgbẹ́.

"Ìwọ lo pa á lóòótọ́," ó wí. "Kò sí ọdẹ tí orí rẹ̀ pé tó máa ṣe èyí."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń mi ẹsẹ̀ bí ọmọdé. Susannah, tó ti dé láti Ìjẹ̀bú-Òde, gbé ìkòkò kaná. Ìgbà náà ni Ràsákì, olóko kan, wọlé pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ kú oríire o, Bàbá Olúọ́dẹ. Mo wá gba ìpín ilẹ̀."

Òfin ọdẹ wọn ni pé ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti pa ẹran ló ń gba ẹsẹ̀ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ràsákì ni Gbàdàmọ́sí wà, lẹ́yìn Gbàdàmọ́sí ni George, Mọ́ṣádé ló kẹ́yìn. Ìjọba sójà ìgbà yẹn ti fi kòbókò kọ́ gbogbo ènìyàn bí wọ́n ṣe ń tò, nítorí náà wọ́n tò, kálukú pẹ̀lú abọ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀ Mọ́ṣádé ni ọ̀yà kú sí," Gilbert wí. "Kí ló kan ẹ̀yin tó kù?"

"Orí ilẹ̀ wa ni ọta yín gbà kọjá," Ràsákì dáhùn. "Èmi fúnra mi gbọ́ ọ nígbà tó ń lọ. Kò kí mi."

"Ilẹ̀ lẹ ni, ẹ ò ni afẹ́fẹ́!"

Gbogbo wọn yíjú sí Bàbá, nítorí Olúọ́dẹ ló ń dá ẹjọ́ ẹran. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Simeon gbè sẹ́yìn ẹnì kan rí. Ó ti bu ìtanràn lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá ara rẹ̀ wí gidigidi. Ṣùgbọ́n irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí, torí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, orí ilẹ̀ kan náà ni ọdẹ àti ẹran máa ń wà. Bàbá di ojú, ó gbé itọ́ mì.

"Gilbert, ẹyìn tó wà lórí ọ̀pẹ, ta ló ni ín?"

"Ẹni tó ni ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ẹyìn náà fara kan ilẹ̀?"

Gilbert mi orí pé rárá.

"Ẹni tó bá gba oko olóko kọjá gbọ́dọ̀ kí i. Ọta rẹ kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹ gé e."

Wọ́n gé apá fún Ràsákì àti George, wọ́n gé itan fún Mọ́ṣádé àti Gbàdàmọ́sí.

"Mi ò lè jẹ ẹ́ o," Gbàdàmọ́sí wí bó ṣe ń bo abọ́ rẹ̀, "ẹni tó pa á kò pe Bísímílà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ni ẹ̀tọ́."

Àyà àti ẹ̀yìn di ti ẹgbẹ́ ọdẹ, torí pé ẹran àkọ́pa ni. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ di ti ajá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ajá tó bá a lọ. Orí ni ti Olúọ́dẹ. Gbogbo wọn wá orí títí. Susannah wo ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ iná.

"Mo ní kí ẹ mú Pẹ̀lẹ́."

Ìrù ló ṣẹ́ kù. Susannah sun irun ara ìrù náà, ó sè é nínú ata, ó sì gbé e wá nínú àwo ńlá. Gilbert dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ débi pé kò lè gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ forí jì mí."

Bàbá mú ìrù náà. Bó ṣe ń gbé e lọ sẹ́nu ni wọ́n gbọ́ "Àgò onílé o!" Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mùínátù wọlé láti abúlé tó wà lódì kejì odò, òógùn bò ó. Ìkòkò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ihò wà níhìn-ín, tí ihò sì wà lọ́hùn-ún.

"Ẹ̀yin lẹ ni nǹkan yìí?" Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ ọta jáde. "Ó gba orí oko wa, ó wọ ìkòkò mi, ó tún jáde. Igi ìrókò ló bá wa dá a dúró. Wọ́n ní Olúọ́dẹ ń pín ẹran. Tiwa dà?"

Gilbert mọ ohun tí bàbá rẹ̀ máa ṣe, kò rí i kó ṣe òmíràn rí. Ó na ọwọ́ láti gba àwo náà, kí ojú má baà ti àgbàlagbà.

Bàbá wo Mùínátù. Ó wo ìrù. Ó wo ọmọ rẹ̀, tòun ti ewú lórí, tó na gbalaja sílẹ̀. Ó bá ju odindi ìrù ọ̀yà náà sẹ́nu, ó sì pa ẹnu dé.

"Bàbá," Ràsákì wí, "ẹjọ́ ńkọ́?"

Simeon fi ìka kan ètè rẹ̀, ó mi orí: àgbà kì í sọ̀rọ̀ bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu. Omijé ń ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì ń fi èrìgì rọra jẹ ìrù náà. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi sú Ràsákì, tó sú George, títí Mùínátù náà fi gbé ìkòkò rẹ̀ ńlẹ̀ tó kọrí sílé, tó wá ku Bàbá àti ọmọ rẹ̀ nínú ilé.