Apá Òsì Méjì

3.

…kùnsínú. Ìyẹn ni ẹ̀kẹta. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Inú tí kì í pariwo. Ó kàn ń kùn ṣáá, bí maṣíìnì tí a ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ tí kò tíì fẹ́ dúró.

4.

(Ohun tí ọmọ ọmọ mi gbà sórí fóònù rẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Wọ́n ní kó lọ kó ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àgbà, ọ̀rọ̀ fún ohun tó korò nínú èèyàn. Àgbà tó rí mú náà ni èmi.)

ỌMỌ: Màmá àgbà, ẹ ṣàlàyé owú.
ÈMI: Bàbá àgbà ẹ ni ìbá ṣàlàyé ìyẹn, ó sì ti kú.
ỌMỌ: Màmá!
ÈMI: Kí ló dé? Jẹ́ kó sinmi.
ỌMỌ: Àránkàn ńkọ́?
ÈMI: Kí n rí i pé bọ́tìnnì ẹ ti já lẹ́yìn, kí n ní “ó yẹ ẹ́ gan-an, máa lọ.”
ỌMỌ: Yíyan odì?
ÈMI: (Àga dún.)
ỌMỌ: Màmá àgbà?
ÈMI: Àga ló dún yẹn o. Kì í ṣe èmi.

5.

Ìbínú: ó gbóná, ó máa ń tutù.
Ìlara: ojú ẹ wà nínú abọ́ ẹlòmíì, tìrẹ sì ń tutù lọ.
Ìkanra: gbogbo nǹkan ló jẹ̀bi. Ilẹ̀kùn jẹ̀bi. Ṣíbí jẹ̀bi.
Kèéta: ìkanra tó ti rí ẹni tó máa dojú kọ.
Odì: ọdún mẹ́sàn-án.

6.

Abẹ́rẹ́ ni mò ń pe àbúrò mi. Ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì ń gún. Níwájú mi, “Ẹ̀gbọ́n mi.” Lẹ́yìn mi, Bọ́ọ̀lù Òwú. Ẹ bá mi wo ara mi, kò parọ́.

Ọdún mẹ́rìnlélógún la fi jọ ránṣọ nínú yàrá kan. Maṣíìnì méjì, fèrèsé kan, ẹ̀rín tí àwọn aládùúgbò máa ń tìtorí ẹ̀ kan ògiri.

7.

(Ó ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù.)

ẸNI TÓ BÁ GÉ AṢỌ, KÓ FÀMÌ SÍ BÉBÀ.
O = Ẹ̀GBỌ́N
| = ÀBÚRÒ
KÍ A LÈ MỌ ẸNI TÍ A Ó BÚ.

8.

Bébà kan la fi ń gé apá aṣọ méjèèjì. O gé ti òsì, o yí bébà dojú dé, o gé ti ọ̀tún. Ẹni tó bá gbàgbé yí bébà, ìbejì ló bí.

Aṣọ ìgbéyàwó nọ́ọ̀sì kan ni. Ọ̀la ni ìgbéyàwó. Abẹ́rẹ́ gé apá òsì méjì. Mo pariwo mọ́ ọn lójú nọ́ọ̀sì: “Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?” Ó ká téèpù rẹ̀, ó jáde. Nọ́ọ̀sì wọ aṣọ aláìlápá lọ ṣègbéyàwó nínú òtútù.

9.

Mi ò wo bébà.

10.

(Ìṣẹ́gun. Lórí fóònù mi, láti ọ̀dọ̀ ọmọ Abẹ́rẹ́.)

Ẹ káàsán mà. Lọ́jọ́ Ẹtì ni màmá mi ń kó bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi níbí. Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ẹsẹ̀ wọn ò sì gbà wọ́n mọ́. Wọn ò ní kí n sọ fún yín. Wọn ò sì ní kí n má sọ.

11.

Ọjọ́rú. Mò ń wá bébà tí màá fi tún àwọn ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kọ. Mo fa páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Apá òsì méjì wà níbẹ̀, aṣọ funfun díẹ̀ tó ṣẹ́kù, àti bébà tí a fi gé e.

Àmì tó wà lára rẹ̀:

O

Roboto, bí ìdí ẹni tó fà á.

8, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi gé apá òsì méjì. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó wo bébà. Ó wò mí. Kò sọ̀rọ̀ níwájú nọ́ọ̀sì. Ó ká téèpù rẹ̀.

12.

Ṣé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?
Rárá.
Díẹ̀.
Ta ló tọ́jú bébà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọdún mẹ́sàn-án?

13.

ÈMI: Kí la ń pe ti ẹni tó ń bínú sí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀?
ỌMỌ: Mi ò mọ̀, Màmá àgbà. Ṣé ó lórúkọ?
ÈMI: Ó yẹ kó ní. Ó tóbi. Ó ti fọ́ àga méjì nínú ilé yìí.
ỌMỌ: (ẹ̀rín)
ÈMI: Máa rẹ́rìn-ín. Fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ìwé ẹ.

14.

~~Abẹ́rẹ́, ó tó ọjọ́ mẹ́ta.~~
~~Mo gbọ́ pé o ń kó lọ. Kò kàn mí, àmọ́~~
~~Ìwọ náà ìbá ti sọ̀rọ̀ nígbà yẹn!~~

Abẹ́rẹ́. Wo àmì tó wà nínú fọ́tò yìí. Èmi ni. Jọ̀ọ́, ọmọ ìyá mi. Aṣọ díẹ̀ ṣẹ́kù. Mo fẹ́ gé apá ọ̀tún. Àlùmọ́gàjí ti wà lọ́wọ́ mi.

15.

(Ọjọ́bọ̀, àárọ̀. Láti ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́.)

Ẹ gbé àlùmọ́gàjí yẹn sílẹ̀. Ẹ má gé nǹkan kan o. Mò ń bọ̀ wá wò ó fúnra mi.

16.

Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Kò sọ “Ẹ̀gbọ́n mi.” Kò sọ Bọ́ọ̀lù Òwú náà.

Mo ti nu maṣíìnì kejì. Mo ti gbé àga tó tín-ín-rín síwájú fèrèsé. Ti èmi tó nípọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Mo yí bébà dojú dé. Mo tún un yí. Mo ti yí i débi pé mi ò mọ èwo ni òsì mọ́.

Ẹnì kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ò gbà.

17.

Ọ̀rọ̀ kẹsàn-án: ………………

(Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó wọlé ná.)