Ojú Tó Rí Ọ̀dà Funfun

Ẹ̀rọ náà kò ju páálí ìṣáná méjì lọ, ṣùgbọ́n bí ẹni gbé ẹyin ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe ń gbé e. Ara ọkọ̀ òfurufú tí yóò máa yí òṣùpá po ni wọ́n fẹ́ dè é mọ́, kó máa wo oòrùn láti ibẹ̀, kó sì máa wọn ẹ́sìréè tó ń ti ara oòrùn jáde, irú èyí tí dókítà fi ń wo egungun. Bí ẹ́sìréè yẹn bá kan òkúta òṣùpá, òkúta á fi ẹ́sìréè tirẹ̀ dáhùn, èyí tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohun tí oòrùn sọ nìkan ló lè lóye ìdáhùn òkúta.

"Ẹ ò ṣe gbé e síta kí oòrùn pa á, kẹ́ ẹ wò ó?" Bàbá tó bí Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ́sìréè oòrùn dé ilẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ lára wa. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n tìtorí oòrùn ṣe kò fojú kan oòrùn rí. Inú agolo irin ńlá kan tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń dán an wò, pẹ̀lú ègé irin kékeré kan tó ń tú ẹ́sìréè jáde fúnra rẹ̀.

Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin ẹnjiníà yìí, torí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀sọ̀ ló sì fi ń mú gbogbo nǹkan. Ọ̀gá rẹ̀ ni Màmá Ẹ̀ẹ̀kan-sí-i. Bí ìdánwò yege lẹ́ẹ̀mẹwàá, "ẹ̀ẹ̀kan sí i" náà ni Màmá máa wí. Àwọn ọ̀dọ́ a máa kùn sínú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti ọwọ́ Màmá jáde, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ fẹ́ràn wọn dé góńgó. Ìparí oṣù ni Màmá máa fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ yìí sì ni àṣekágbá wọn.

Lọ́jọ́ tí awakọ̀ máa wá gbé ẹ̀rọ lọ, wọ́n tún dán an wò. Lórí ìlà tí kọ̀ǹpútà fi ń ya ohun tí ẹ̀rọ rí, òkè gíga kan ló yẹ kó yọ, pẹ̀lú kékeré kan lápá ọ̀tún. Àwọn méjèèjì yọ. Àmọ́ lápá òsì, òkè kẹta jókòó síbẹ̀, àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè.

Bí ẹ̀rọ bá ń rí ohun tí kò sí, wọn ò ní gbé e lọ. Páànù lásán ni wọ́n máa fi dí àyè rẹ̀, ọkọ̀ á sì lọ sí òṣùpá láìsí i.

"Ó kéré, Màmá," ni ọ̀kan nínú wọn sọ. "Ẹ jẹ́ ká gbójú fò ó."

"Tó bá dé òṣùpá ńkọ́? Ta ló máa lọ tún un ṣe níbẹ̀?" Ohùn Màmá le.

Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ wo ibi tí òkè náà yọ sí. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní ojúkò tirẹ̀ lórí ìlà náà, ti irin titaníọ́mù sì ni èyí. Titaníọ́mù ló sì ń mú ọ̀dà funfun funfun. Òun fúnra rẹ̀ ló kán ọ̀dà funfun sí etí ohun tí ègé irin náà jókòó lé, kí òun lè máa mọ apá tó yẹ kí ègé irin náà kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ohun kankan kò gbọdọ̀ wọ inú agolo yẹn tí Màmá ò mọ̀ sí. Ì bá wu ọmọ náà kí ilẹ̀ lanu.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni. Ọ̀dà ni mo kán síbẹ̀."

"Báwo ló ṣe tó?"

"Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, mà."

"Orí abẹ́rẹ́! Ó sì rí i?" Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rójú ẹ̀rọ yìí bí!"

Wọ́n nu ọ̀dà kúrò, wọ́n fa afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n tún dán an wò. Òkè kẹta ti pòórá. Ariwo ayọ̀ sọ. Awakọ̀ ti ń fọn fèrè níta, Màmá sì ti nawọ́ sí àpótí tí wọ́n máa gbé ẹ̀rọ sí.

"Ẹ dúró, mà." Ọlọ́wọ́-jẹ́jẹ́ kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu òun. "Bóyá àìsàn kan ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí, tó kàn fi í sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá ọ̀dà yẹn padà. Bí òkè yẹn bá tún yọ, a jẹ́ pé ọ̀dà ni lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan sí i, mà."

Àwọn yòókù bojú wò ó. Màmá ti àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n fún awakọ̀ ní àga.

Òkè kẹta padà wá, ní ojúkò tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Màmá wò ó títí, wọ́n wá yíjú wo ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́. Omi lé ròrò sójú wọn.

"Ó tó," ni Màmá wí.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí.