Ọwọ́ Tí Màmá Àwẹ̀ró Gbé Sókè

1.

…àti pé kí ẹnikẹ́ni má jáde nínú ilé kankan láìgbàdúrà fún onílé. Ẹ gbé ọwọ́ lé e lórí. Ẹni tó bá na ọwọ́ méjèèjì sókè ti gba Jésù nìyẹn: ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ fi sórí Wásáàpù ìjọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù funfun. Ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ibùdókọ̀ Kaneshie la ó ti pàdé. Nima ń dúró dè wá.

— Olútóyè, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́

2.

Ohun tó gbé Ọmọ́wùnmí lọ sí Nima yàtọ̀ sí ohun tó gbé àwọn yòókù lọ. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa yìn ín ní ajíhìnrere.

Nima, àdúgbò àwọn mùsùlùmí ní Accra, ni Màmá Àwẹ̀ró, ìyá ìyá rẹ̀, ń gbé. Alhájà ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà. Ràbíátù ọmọ wọn fẹ́ onígbàgbọ́, ó bá ọkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ní kó má tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn mọ́. Ọmọ́wùnmí ni Ràbíátù bí sílé ọkọ náà. Kò fojú kan ìyá àgbà rẹ̀ rí.

3.

*Ràbíátù sí Ọmọ́wùnmí, láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù:*

Wọ́n ní ọ̀sán yìí làwọn máa gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kí ìyá mi ṣáà sọ pé àwọn foríjì mí.

Gbà á sórí fóònù. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ kí wọ́n tó kùn mí lóorun.

Mo bẹ Mísbáù àbúrò mi títí. Á ka ohun tí mo bá kọ, kò ní fèsì.

Ìwọ nìkan ló kù.

4.

Nínú trotro, ọkọ̀ akérò Accra, wọ́n kọrin láti Kaneshie dé Nima. Ọmọ́wùnmí ń la ẹnu, ohùn kò jáde.

5.

Ọmọ́wùnmí mú Olútóyè gba ọ̀nà ilé tí ìyá rẹ̀ júwe fún un. Mísbáù ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀wù wọn, ó fajú ro. Ṣùgbọ́n orí ti ń fọ́ ìyá rẹ̀ láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ ìlera sì kọjá ọ̀rọ̀ ìjà.

"Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ fún wọn. Ẹ má wàásù."

Twi ló fi sọ ọ́. Olútóyè ní òun ti gbọ́. Mísbáù lọ bu omi. Ọmọ́wùnmí wọ yàrá, Olútóyè dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti fóònù rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ kò kọjá "ẹ kú àárọ̀".

6.

*Ohun tí fóònù Ọmọ́wùnmí gbà sílẹ̀:*

ỌMỌ́WÙNMÍ: Ẹ na ọwọ́, Màmá. Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́.

ÀWẸ̀RÓ: O gbọ́ Yorùbá?

ỌMỌ́WÙNMÍ: Díẹ̀, Màmá.

ÀWẸ̀RÓ: Ọmọ ta ni ọ́?

ỌMỌ́WÙNMÍ: Ọmọ Ràbíátù.

(Ẹ̀rọ ń dún.)

ÀWẸ̀RÓ: Ó ṣì wà láyé?

ỌMỌ́WÙNMÍ: Wọ́n wà. Wọ́n wà ní ọsibítù. Dókítà máa la inú wọn lónìí. Wọ́n ní… please, Màmá, wọ́n ní kí ẹ foríjì àwọn.

ÀWẸ̀RÓ: Ó pẹ́ kó tó ránṣẹ́. Mo retí, retí, ó sú mi. Èmi ni mo lé e, ẹnu mi kò sì gbà á láti pè é padà.

ỌMỌ́WÙNMÍ: Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn yín.

ÀWẸ̀RÓ: Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Ọlọ́hun sọ ọ́. Ọlọ́hun Ọba, Ràbíátù ọmọ mi —

7.

Màmá Àwẹ̀ró parí àdúà náà. Wọ́n ní, "Mo foríjì í." Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ọmọ́wùnmí fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

8.

Irọ́ ni. Ó wu ni kó rí bẹ́ẹ̀ ni.

9.

Láti ẹnu ọ̀nà, Olútóyè rí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a gbé sókè níwájú ojú arúgbó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ohun kan ṣoṣo nìyẹn túmọ̀ sí. Pé bẹ́ẹ̀ ni mùsùlùmí ń tẹ́wọ́ ṣe àdúà, fún arìnrìn-àjò, fún òkú, fún ṣọ́ọ̀bù tuntun, Accra tí wọ́n bí i sí fi hàn án lójoojúmọ́. Kò wò ó rí.

Ó ya fọ́tò. Ó fò wọlé. Ìborùn Màmá yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, Olútóyè sì gbé ọwọ́ lé irun funfun wọn, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń dé ìkòkò. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Orí àgbà ni ọmọdé ń tẹ̀ yìí, níṣojú ọmọ wọn tó gbé omi dé.

10.

OLÚTÓYÈ: Jésù, gba ọkàn yìí. Amin. Amin.

MÍSBÁÙ: Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ìyá mi?

ÀWẸ̀RÓ: Ràbíátù ló rán yín? Irú èyí ló ní kí ẹ wá ṣe fún mi?

ỌMỌ́WÙNMÍ: Daabi. Rárá, Màmá. Daabi.

MÍSBÁÙ: Ẹ jáde.

11.

*Wásáàpù ìjọ, fọ́tò kan:*

Ìyá arúgbó kan ní Nima gba Jésù lọ́sàn-án yìí. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n nà sókè. Ẹ bá wa yọ̀.

Amin

Amin

AMIN

12.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, Ọmọ́wùnmí ní kí Olútóyè pa fọ́tò náà rẹ́.

"Kí ló dé? Àbí wọn kò gbé ọwọ́ sókè?"

Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìyẹn gan-an ló dunni jù, nítorí a kò rí ẹni tí à bá bínú sí kí ara tuni. Ọmọ́wùnmí jókòó, ó tún fetí sí ohun tó gbà sílẹ̀. "Ràbíátù ọmọ mi." Ibẹ̀ ló mọ. Ó gbọ́ ọ títí, bóyá ìdáríjì lè wà nínú rẹ̀. Wọn kò tíì sọ ọ́.

13.

*Ràbíátù sí Ọmọ́wùnmí:*

Mo rí fọ́tò náà lórí Wásáàpù ìjọ.

Ìyá mi ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe darúgbó.

Wọ́n ti wá sọ́dọ̀ Jésù. Ìjà ti tán.

Má wulẹ̀ ṣe wàhálà ohùn mọ́, ọkàn mi ti balẹ̀.

Mo ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Mísbáù. Mo ní kó bá mi kí wọn kú oríire.

Àwọn nọ́ọ̀sì ti wá gbé mi. Mo ń pa fóònù.

14.

Ọmọ́wùnmí pe ìyá rẹ̀. Kò wọlé. Ó tún pè é.