Ẹjọ́ Tí Àna Mi Gbé Wá

Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Omi yìí ti hó lẹ́ẹ̀kan, mo ti pa iná, mo tún ti tan iná, torí bí omi bá hó tán, mo gbọ́dọ̀ po tíì nìyẹn, bí mo bá po tíì, mo gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí pálọ̀, bí mo bá sì dé pálọ̀… Ó jókòó síbẹ̀. Ọkọ ọmọ mi àbígbẹ̀yìn. Ó jókòó sáàárín àwọn ìrọ̀rí tí mo rán fún títà, ó dà bí ẹrù tí wọ́n gbé wá tí ẹnì kan ò tíì wá gbà, ó ń retí kí n jáde wá dájọ́.

Ẹjọ́ wo? Ẹjọ́ ìyàwó ẹ̀. Ọmọ tí mo bí.

Ó ní tírélà òun bàjẹ́ lójú ọ̀nà lánàá, òun padà sílé lọ́sàn-án láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Òun fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ òun ṣílẹ̀kùn, òun wọ yàrá… Ó wo ilẹ̀. Èmi ti mọ ohun tó kù. Ó bá ọkùnrin kan níbẹ̀, kí ló tún lè jẹ́? Mo ti ń ronú ẹni tí màá kọ́kọ́ pè nínú ẹbí. Ló bá ní, "Màmá, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀." Ẹ̀n? "Òun nìkan ni. Ó ń… Màmá, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi ń tẹ́ ara ẹ̀ lọ́rùn."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọkùnrin gìrìpá tó ń wa ọkọ̀ tó gùn bí ilé. Ohùn ẹ̀ kéré, àfi bí ẹni pé àwọn ìrọ̀rí máa lọ sọ ọ́ káàkiri.

Èmi náà ní, "Jẹ́ kí n po tíì fún ẹ."

Tíì! Kí ló kan tíì? Bí ilé bá ń jó, màá ní kí n po tíì fún àwọn panápaná.

"Ta ló kọ́ ọ, Màmá? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ta ló kọ́ ìyàwó mi?"

Ta ló kọ́ ọ. Kọ́ ọ ní kí ni? Ṣé ìwé ni? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ni, tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀ han ọmọ iṣẹ́? Ibi kan ń yún èèyàn, ó họ ọ́, ta ni olùkọ́ ẹ̀… Rárá. Rọra, ìyá. Ṣe pẹ̀lẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde báyìí ní pálọ̀, ó parí.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bi àgbà léèrè bóyá ó fẹ́ dọ́jà lónìí?

Ṣúgà dà? Òun nìyí. Ojú mi ń wò ó, mo sì ń wá a.

Ó ní, "Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe, Màmá. Tí ẹ bá ní àìsàn ni, màá gbé e wá sọ́dọ̀ yín lọ́la, kí ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, kí orí ẹ̀ wálé. Tí ẹ bá sì ní kì í ṣe nǹkan kan…" Kò parí ẹ̀. Kò ro ibẹ̀ yẹn délẹ̀. Ìyá wo ló máa sọ pé kì í ṣe nǹkan kan?

Ká ní mo sọ pé àìsàn ni. Ó rọrùn. Màá ká ọwọ́ lérí, màá ní yéè, irú kí lèyí, màá pòṣé tó gùn dáadáa. Ara ẹ̀ á balẹ̀. A jọ máa mi orí. Lọ́la, ọmọ mi á dé pẹ̀lú báàgì kan lọ́wọ́, ojú ẹ̀ á ti wú, àwọn aládùúgbò á ní, "Ẹ kú àlejò o, ṣé kò sí o?" Kí ni mo fẹ́ dá wọn lóhùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ta ló máa wẹ̀ fún wọn? Tó bá tún padà sílé ọkọ, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn máa kú ni? Kò ní kú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀ lásán, ọkọ ẹ̀ á ní àìsàn ẹ ti tún dé.

Ká wá ní mo sọ pé kì í ṣe àìsàn. Àna mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, máa lọ sílé. Ó máa gbójú sókè. Mo ti ń rí ojú náà. Á ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá?"

Hẹn-ẹn. Ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń pa iná tí mo ń tan iná.

Báwo ni mo ṣe mọ̀?

Màá ní nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́. Òótọ́ sì ni! Kì í ṣe irọ́. Èyí tó ní èjí, tó máa ń wo orúnkún mi. Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè nǹkan." Mo ní opó ni. Mo ní ó ti dàgbà díẹ̀. Mo ń wo fèrèsé bí mo ṣe ń sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ìkòkò bóyá ohun tó wà nínú ẹ̀ ti jinná. "Màmá, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é, ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tó ní ọkọ àti ẹni tí kò ní. Kì í fọ́ni lójú. Kì í ba ilé ọmọ jẹ́. Kì í múni ya wèrè. Àfi tí kò bá jẹ́ kó ráyè ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí tó bá ń dá ara ẹ̀ lọ́gbẹ́, tàbí tí ọkàn ẹ̀ ò bá balẹ̀ rárá nítorí ẹ̀, kó wá rí wa nígbà yẹn." Mo ní màá jíṣẹ́. Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó ní, "Ẹ sì sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó má gbàgbé oògùn orúnkún ẹ̀."

Ọmọ burúkú! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Ṣùgbọ́n bí mo bá pe nọ́ọ̀sì, àna mi á ní kí ló gbé yín dé ibi tí ẹ ti ń bi nọ́ọ̀sì ní irú èyí. Ọ̀rẹ́ mi kan ni… Èwo nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi? Ó mọ gbogbo wọn. Kò sí èyí tí kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wò tìfura-tìfura láti òní lọ.

Wọ́n sin ọkọ mi, wọn ò sin ara mi. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn? Kò sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹnì kan ò sọ ọ́ rí. Mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, mo kó o sínú àpótí, mo gbà pé ó tán. Ara ní kò tán. Mo wẹ omi tútù. Mo gbàdúrà, mo tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì bóyá ti àkọ́kọ́ ò dé ọ̀run. Mo rán ìrọ̀rí títí abẹ́rẹ́ fi ń gún mi níka. Nígbà tó yá… ó dáa, nígbà tó yá. Lẹ́yìn ẹ̀, mo sùn. Oorun tó dáa. Nígbà tí mo jí, mo lọ síwájú dígí láti wo ohun tó yí padà lójú mi. Kò sí. Obìnrin kan náà, eyín kan náà tó yọ.

Ọkọ mi tó kú nìdí, àbí?

Irọ́ ni. Kí n má purọ́ fún ara mi nínú ilé ìdáná ara mi. Nígbà tó wà láyé náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì wà níbẹ̀, ara ẹ̀ le, mo fẹ́ràn ẹ̀, n kò fi nǹkan kan dù ú. Ẹni tó ní ẹni tó ń bá a họ ẹ̀yìn náà ń họ orí ara ẹ̀. Ṣé ẹni tó ń họ ẹ̀yìn máa bínú sí orí ni? Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un. Mo rò pé èmi nìkan ni Ọlọ́run ṣe báyìí, pé ó ń ronú nǹkan mìíràn lọ́jọ́ tó mọ mí.

Kí nìyẹn? Àna mi ń fún ìrọ̀rí ní pálọ̀. Mo ń gbọ́ fóòmù tó ń ké. Bí ibi tí mo rán bá já, ó rà á.

Òun náà ló jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ń pòwe fún mi. Fún èmi! Pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òun tó ń sùn sínú tírélà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù títí dé ìparí ẹ̀. Hẹ̀rẹ̀huru wo ló dé ọ̀dọ̀ ẹ̀?

Lẹ́yìn òwe ló wá bi mí ní èyí tí kò dà bí èyí tó kù. Kò wò mí. "Ta ló ń rò, Màmá? Nígbà tó ń ṣe é, ta ló wà lọ́kàn ẹ̀?"

Dúró ná.

Dúró. Báwo ló ṣe mọ̀ pé èèyàn máa ń ro ẹnì kan? Ẹni tí kò dé ìlú kan rí kì í béèrè ọ̀nà ọjà ibẹ̀. Àna mi ti dé ìlú yìí. Inú tírélà, ó fa kọ́tìnì, òjò ń rọ̀, ilé jìnnà… Áà. Ó ti dé ibẹ̀ dáadáa. Ó sì mọ ẹni tó máa ń wà lọ́kàn tòun, bóyá kì í sì í ṣe ọmọ mi nígbà gbogbo. Ìdí nìyẹn tó fi ń fún ìrọ̀rí mi. Kì í ṣe ìyàwó ẹ̀ ló ń bẹ̀rù. Ohun tó wà lọ́kàn ara ẹ̀ ló gbé wọ ìyàwó ẹ̀, ló wá ń sá fún un.

Bí mo bá jáde báyìí tí mo ní, "Ìwọ ńkọ́, nínú tírélà?" ó máa kú sórí ìrọ̀rí mi. Ó ń wù mí. Ó ń wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n a kì í bọ́ aṣọ lára àna ẹni. Èèyàn dáadáa sì ni, kò gbé ọwọ́ sókè sí i, kò pariwo. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹni tí ẹ̀rù bà, a kì í gbá a létí, a máa ń fún un ní ìjókòó.

Èmi náà, ta ló máa ń wà lọ́kàn mi? Nígbà mìíràn ọkọ mi ni, ní ọjọ́ orí tó ṣì ní irun lórí. Nígbà mìíràn, kò sẹ́ni kankan. Kí oorun ṣáà dé.

Ó dáa. Mo ti rí ohun tí màá sọ. Màá ní, àna mi, gbọ́. Kì í ṣe àìsàn. Ara ló ní kí wọ́n ṣe é, ara ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò mú nǹkan kan kúrò nínú tìẹ. Tó bá ní báwo lẹ ṣe mọ̀, màá ní èèyàn ni mí, gba tíì ẹ. Ó tó. Kí n má fi kún un. Bí mo bá fi kún un, màá bà á jẹ́.

Ife nìyí. Tíréè nìyí. Omi ti ń hó, jẹ́ kó hó.

Àna mi sì sọ nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Kó tó jókòó rárá, bó ṣe ń bọ́ bàtà. Mo gbọ́ ọ, mo jẹ́ kó kọjá, torí n kò tíì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé nígbà yẹn. "Ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́, Màmá. Ó ní òun ò ní ṣe é mọ́ láéláé. Ó ní tó bá wù mí, kí n sọ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún màmá òun."

Gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi.

Láti ìgbà tí mo ti dúró síbí ni mo ti ń wọn ọ̀rọ̀ fún ọkọ ẹ̀, fún àwọn aládùúgbò, fún ojú ara mi. N kò rántí pé ẹnì kan wà nínú ilé yẹn tó ń rò pé ìyá òun ti gbọ́ báyìí, pé ìyá òun ti ń tutọ́ sílẹ̀. Ṣé n kò ní rò bẹ́ẹ̀? Bó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, màá gbé abẹ́rẹ́ mì kí n tó jẹ́ kó gbọ́. Òun náà ṣe opó títí ó fi kú. Ta ló mọ̀ bóyá òun náà… Ta ló lè mọ̀? Kò sọ fún mi. Èmi náà ò sọ fún ẹni tí mo bí. Kálukú ti ìlẹ̀kùn ara ẹ̀, kálukú ń rò pé òun nìkan ni Ọlọ́run ṣì dá.

Ó ń húkọ́ ní pálọ̀. Ó ń dúró dè mí. Kó dúró ná.

Ojú àna kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni, ìyẹn ì bá rọrùn. Ọmọ mi sunkún mọ́jú, kì í ṣe nítorí ọkọ ẹ̀ tó ká a mọ́. Nítorí mi ni. Nítorí èmi ni, tí n kò sọ tèmi fún un rí.